Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ lébẹ́ẹ̀lì sára fíìdì tó ní egungun, ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran nínú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ fíìdì, ìyẹn oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, tà ní Ìkòròdú, ẹ̀yin Odogunyan, ẹ̀yin Imọta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Tí egungun màlúù lílọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ láti odò ẹran bá ti wọ inú oúnjẹ tẹ́ ẹ pò, kò tó kẹ́ ẹ kàn kọ "Layers Mash 25kg" sára àpò kẹ́ ẹ sì gbé e síta. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ rí i kà pé nǹkan ara ẹran wà nínú ẹ̀, ẹran wo ni, àti ẹran ọ̀sìn tí kò gbọ́dọ̀ fún jẹ. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, oúnjẹ adìẹ làwọn èèyàn ń rà fún àgbò kó lè tètè sanra, bàbá á rán ọmọ lọ sí Sábó pé kó ra kóńgò méjì wá, ọmọ ò ní béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó ń tà á náà ò sì ní sọ.

Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ yìí le ni pé lọ́dún 1986 wọ́n rí àrùn kan lára màlúù ní Ìlú Ọba, BSE lórúkọ ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní mad cow. Ọpọlọ màlúù á lu ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn, á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò ní gbà á dúró mọ́, kò sì sí oògùn ẹ̀. Oúnjẹ ló gbé e káàkiri, torí wọ́n ń lọ ẹran àti egungun màlúù, wọ́n sì ń fi bọ́ màlúù mìíràn. Lọ́dún 1988 wọ́n fòfin dè é níbẹ̀. Nígbà tó di 1996 ìjọba wọn jáde pé ó jọ pé àrùn ọpọlọ kan tó ń pa èèyàn, tó tiẹ̀ ń mú àwọn ọ̀dọ́, látara màlúù yìí ló ti wá. Ohun tó ń fà á, prion, ìyẹn protein kan tó ti yí padà, kì í ṣe kòkòrò tí omi gbígbóná ń pa, torí náà ẹni tó bá ní òun ti se egungun òun dáadáa kò tíì sọ nǹkan kan.

Lọ́dún 1997 ni Amẹ́ríkà àti Kánádà gbé òfin tiwọn jáde. Ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ọ́ sára fíìdì tó bá ní protein ara ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú pé kí wọ́n má fún màlúù tàbí ẹran mìíràn tó ń jẹ àpọ́jẹ. Nílé tiwa, màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn nìyẹn. Adìẹ, tòlótòló, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja lè jẹ ẹ́ lábẹ́ òfin yẹn. Wọ́n yọ wàrà, ẹ̀jẹ̀, gelatin (nǹkan tó máa ń dì tí wọ́n ń sè jáde látara awọ àti egungun) àti protein tó bá jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹṣin nìkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tiwa níbí o, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbá jọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ odò ẹran, tí ègé ẹran àti èérún egungun ti dà mọ́, ta ló fẹ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ lásán ni? Èmi ní kẹ́ ẹ kọ ìkìlọ̀ sí i. Ẹni tó sì ń lọ egungun ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù nínú máṣíìnì kan náà kò lè sọ pé ti ẹlẹ́dẹ̀ nìkan lòun ń tà. Orí ẹja gbígbẹ tẹ́ ẹ rà láti Ẹ̀pẹ́ kò sí nínú òfin yẹn, àmọ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ náà.

Ó yá, bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Ẹ má kọ "protein" kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ kọ "egungun màlúù lílọ̀", ẹ kọ "ẹ̀jẹ̀ màlúù gbígbẹ". Lábẹ́ ẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà: MÁ FÚN MÀLÚÙ, EWÚRẸ́ TÀBÍ ÀGÙNTÀN JẸ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Hausa, torí àwọn tó ń sin àgbò lọ́dọ̀ wa, Hausa lọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ, ẹ tún ya orí àgbò kẹ́ ẹ fa ìlà pupa gba orí ẹ̀ kọjá fún ẹni tí kò lè kàwé. Orúkọ yín, àdírẹ́sì, nọ́ńbà batch (nọ́ńbà èyí tẹ́ ẹ pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ibi tí lébẹ́ẹ̀lì wà ṣe pàtàkì gan-an. Ìwé pélébé tí wọ́n máa ń rán mọ́ ẹnu àpò yẹn, tí wọ́n bá ti fa òwú tú báyìí, ilẹ̀ ló ń já sí, wọ́n á gbá a dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí, àpò á sì wà níbẹ̀ láì ní ìkìlọ̀ kankan. Ara àpò gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, níwájú, pẹ̀lú íńkì tí omi ò lè fọ̀ kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni ìkìlọ̀ ti ń sọnù. Ẹ ki páálí kan tó ní ìkìlọ̀ bọ inú àpò tẹ́ ẹ ṣí, ẹ ní ìwé kékeré tẹ́ ẹ máa jù sínú náílọ̀nù kọ́sítómà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì bi í lẹ́nu: "Kí lẹ fẹ́ fún jẹ?" Tó bá ní àgbò ni, ẹ má tà á fún un, ẹ fi èèpo ẹ̀gẹ́, PKC (èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀ kúrò) tàbí wheat offal (eèrí àlìkámà) hàn án. Ẹ má sì rọ wheat offal sínú àpò ògbólógbòó tó ní egungun tẹ́lẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ da fíìdì elégungun sínú àpò tí kò ní ìkìlọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń po ti ewúrẹ́ nínú míksà tẹ́ ẹ fi po ti adìẹ, èyí tó kù nísàlẹ̀ máṣíìnì á dà mọ́ ọn. Ẹ gbá a mọ́, ẹ da àgbàdo lílọ̀ sí i kẹ́ ẹ yí i kó lè fọ̀ ọ́, adìẹ ló ni àgbàdo yẹn, ìkìlọ̀ kan náà ló sì máa wà lára àpò ẹ̀. Ẹ ní ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ra egungun, ọjọ́ wo, batch wo ló wọ̀, ta ló rà á. Ọdún kan ni òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi pa á mọ́, ẹ̀yin ẹ jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àpò tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí, ẹ mú máákà dúdú tó nípọn kẹ́ ẹ fi kọ ìkìlọ̀ sí wọn kẹ́ ẹ tó tún ta èyíkéyìí.