Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Ibi Tí Ibùdó Àwọn Ará Àtijọ́ Ti Pọ̀ àti Ibi Tó Ti Fọ́n Ká

Ní ìwọ̀ oòrùn ìlú Cologne ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibùdó àwọn àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ dé agbègbè náà ní nǹkan bí ọdún 5300 ṣáájú ìbí Kristi. Ibẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ibùdó tí a ti rí sílẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àti ohun tí a fi mọ ìgbà rẹ̀. Àpáàdì ló ń jẹ́rìí jù níbí, nítorí pé ìlà tí àwọn amọ̀kòkò ń fín sára ìkòkò ń yí padà láti ìran dé ìran.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí sáà-sáà, kí sáà kọ̀ọ̀kan ní máàpù tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún gígùn sáà o. Bí sáà kan tó gba ọdún 400 bá ní ibùdó 30, tí òmíràn tó gba ọdún 100 sì ní 20, ẹni tó bá kàn ka àmì lórí máàpù yóò sọ pé ti àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá pín in sí ọgọ́rùn-ún ọdún kọ̀ọ̀kan, 7.5 péré ni yóò kàn án.

Nísinsìnyí, ẹ mú kọ́ńpáàsì. Ẹ wá àlàfo tó wà láàárín àwọn ibùdó, kí ẹ sì fa òbìrí tó tóbi jù lọ tó lè wà níbẹ̀ láìsí ibùdó kankan nínú rẹ̀. Yóò sábà kan ibùdó mẹ́ta létí. Ẹ wọn ọ̀nà láti àárín òbìrí náà dé etí rẹ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sí àárín gan-an. Bí ẹ bá ti ṣe èyí fún gbogbo àlàfo, ẹ fa ìlà tó so àwọn ibi tí iye wọn dọ́gba pọ̀, bí a ti ń ṣe fún gíga òkè. Níbi tí iye náà bá ti kéré, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti súnmọ́ra. QGIS, ètò ìyamáàpù tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, lè bá yín ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ibi tó ṣófo ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ohun èlò ìtúlẹ̀ máa ń hú àpáàdì jáde nínú oko, ṣùgbọ́n pápá tí màlúù ń jẹ̀ kì í fi nǹkan hàn, erùpẹ̀ tí òjò sì wọ́ láti orí òkè lè bo odindi abúlé mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ìlà wínníwínní bo ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, kí ó má baà dà bí ibi tí a wò tí a kò rí nǹkan.

Ní àfonífojì Merzbach, tó wà ní agbègbè èédú tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ kí ẹ̀rọ awakùsà tó dé. Ilé pọ̀ sí i níbẹ̀ láti ìran dé ìran, lẹ́yìn náà wọ́n dín kù, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí ọdún 4900 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn àgbẹ̀ yẹn ti kúrò. Nítorí pé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ gbọọrọ, òfìfo tibẹ̀ ṣeé gbà gbọ́.