Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù ní Kuto, Abẹ́òkúta, ẹ ka èyí ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa, tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò, ẹ sọ pé sítédíọ̀mù Kuto lẹ̀ ń lọ. Ẹ má kàn tẹ orúkọ rẹ̀, "Moshood Abiola Stadium", sórí fóònù o, torí láti 2019 ni wọ́n ti fi orúkọ bàbá pe ti Àbújá náà, máàpù lè gbé yín lọ síbẹ̀. Lójú tèmi, tiwa ni orúkọ yẹn tọ́ sí jù, ọmọ Ẹ̀gbá ni MKO, Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí i sí ní 1937, òun ló sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes tó gba ife Challenge Cup ní 1985, tó tún gbà á ní 1987. Ẹ dárúkọ ẹgbẹ́ yẹn fáwọn àgbà ìlú yìí kẹ́ ẹ wá wo bí ojú wọn á ṣe tàn.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ rélùwéè ní Ebute Metta, kó sọ̀ ní Laderin, ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ibẹ̀ ò sún mọ́ Kuto, ẹ ṣì máa wọ mọ́tò, ẹ yọwó kẹ́ ẹ tó wọlé. Kẹ́ ẹ sì bèèrè ìgbà tí rélùwéè ìpadàbọ̀ ń gbéra, bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin lè má tíì parí tó fi máa lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ wádìí ohun tó ń lọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń fi pápá yẹn ṣe. Gateway United ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti búra fún Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ní 2019, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí National Sports Festival lóṣù karùn-ún 2025, ọdún yẹn kan náà ni Super Falcons gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Benin Republic níbẹ̀ tí wọ́n fi lọ WAFCON, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin Áfíríkà, Remo Stars náà gba Mamelodi Sundowns ti South Africa lálejò níbẹ̀, 5-1 tí wọ́n nà wá yẹn ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ táwọn olóṣèlú ń ṣe ráálì ni, ẹ jókòó sílé yín jàre, gbogbo Kuto á dí pa.

Ẹ tètè dé, ní wákàtí kan ó kéré tán, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá kẹ́ ẹ fi méjì ṣáájú. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá ibi tí òrùlé wà jókòó sí, oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta kì í ṣeré, gbogbo àpáta ìlú yìí ló ń gba ooru pamọ́. Ẹ mú fìlà, kẹ́ ẹ sì ní ṣéńjì lọ́wọ́, torí ẹlẹ́pà àti oní-píọ̀wọ́tà ò ní rí ṣéńjì fún yín tẹ́ ẹ bá na ẹgbẹ̀rún kan sí wọn.

Tí wọ́n bá ti fọn fèrè ìparí, ẹ má bá èrò rọ́ lọ sí géètì, pàápàá tẹ́ ẹ bá mú ọmọdé dání. Ẹ jẹ́ kí èrò dínkù, kẹ́ ẹ wá rìn síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá màrúwá dúró, iye tí wọ́n ń pè lẹ́nu géètì máa ń ju èyí tí wọ́n ń pè níwájú lọ.