Ẹ má fi sílípáàsì gun òkè Ìdànrè

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wálé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo ní ká lọ gun òkè Ìdànrè. Ó wo òkè náà lórí fóònù rẹ̀, ó ní, "Màmá, èyí ò le." Sílípáàsì ló wọ̀. Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Kí a tó dé ibi ìsinmi kẹta, okùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ti já, bẹ́ẹ̀ ni a ò tètè kúrò nílé, oòrùn sì ti yan òkúta. Ẹsẹ̀ lásán ló fi parí ìyókù, tó ń fò bí ẹni tó tẹ iná. Èmi ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tí orúnkún òsì mi kì í gbọ́ràn, èmi ni mo jókòó dè é lókè.

Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó bá fẹ́ lọ, èmi ni wọ́n ń pè. Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìlú lẹ fẹ́ lọ wò. Àwọn èèyàn máa ń lọ sí Ìdànrè bí ẹni ń lọ wo òkúta. Wọ́n á ya fọ́tò mẹ́wàá, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti dé Ìdànrè. Ilé àwọn èèyàn ni orí òkè yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n sá sí kí ọwọ́ ogun má bàa tó wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti jọba, tí wọ́n ti sìnkú, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn ọmọdé tó sọ̀ náà. Ó máa ń sọ pé àpótí ìjókòó ìyá òun ló wà lórí òun. Títí ó fi kú, bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ lálẹ́, á ní, "Kò sí èyí lókè." Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ìrìn náà á yàtọ̀.

Láti Àkúrẹ́, kò jìnnà. Bí ọ̀nà bá dára, ọkọ̀ kì í lò tó wákàtí kan. Ẹ ó ti rí àwọn òkúta náà lókèèrè, ńlá ńlá, dúdú, tí òjò ti fa ìlà funfun sí lára. Ìlú mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀: Òdòdè, Aláde àti Àtòsìn. Òdòdè ni kí ẹ sọ fún awakọ̀, ọ̀kadà á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà òkè.

Ẹ má ṣe é ní ìrìn ọjọ́ kan bí ẹ bá ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀. Ẹ dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sùn, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní kùtùkùtù nígbà tí ara òkúta ṣì tutù. Àṣìṣe tiwa nìyẹn: aago mọ́kànlá ni a tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

Ní ti àsìkò, oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń lọ, ewé ṣì tutù, ọyẹ́ kò tíì dé. Nígbà tí àwa lọ, ọyẹ́ ti bo gbogbo rẹ̀. Ìlú ìsàlẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Ní àárín òjò, òkúta máa ń yọ̀, ẹ má tan ara yín. Ṣùgbọ́n bí ọdún ìbílẹ̀ bá ni ẹ ń wá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Orósùn, obìnrin tí ìtàn pè ní aya Olófin, tí wọ́n ń bọ, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkè kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, òun ló ga jù níbẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sókè ìtẹ́jú òkun. Ẹ béèrè ọjọ́ gan-an lọ́wọ́ ará ìlú kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, torí àwọn àgbà ló ń dá ọjọ́ ọdún. Ibi tí wọ́n bá ní kí àlejò má dé, ẹ má dé ibẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé fọ́tò dídùn ló wà níbẹ̀.

Ẹrù yín kò gbọdọ̀ pọ̀. Bàtà kánfáàsì tí ẹ ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe tuntun. Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, torí oúnjẹ tó wúwo á dá yín dúró. Fìlà. Àti ọ̀rá kan tí ẹ ó fi kó ìdọ̀tí yín padà. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀rá omi nínú àgbàlá àwọn baba ńlá mi.

Ẹ sanwó ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì gba amọ̀nà. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe lókè, torí lókè òun nìkan ló mọ ọ̀nà. Amọ̀nà tó dára kì í yára. Èyí tí a gbà, ọmọ Òdòdè, gbogbo ibi tí mo bá dúró ló ti ń rí ìtàn kan sọ, kí ojú má bàa tì mí pé mo ń mí hẹlẹ.

Àtẹ̀gùn náà ńkọ́? Àwọn kan ní 667 ni, àwọn mìíràn ní 682. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti kà á. Bí mo bá ti dé igba, èémí ara mi ni mo ń kà. Ibi ìsinmi márùn-ún wà lójú ọ̀nà. Ẹ lo gbogbo wọn. Ẹ tún rántí pé nígbà ayé àwọn tó ń gbé lókè, oko wọn wà nísàlẹ̀. Ẹni tó roko láti àárọ̀, iṣu lórí, ọmọ lẹ́yìn, òkè yẹn ló máa gùn kó tó dé ìdí ààrò.

Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ jókòó ná. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, àti kóòtù ti ọdún 1906 pẹ̀lú ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ni mo máa ń pẹ́ sí jù: ògiri amọ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, àgbàlá, àti àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè kí ẹ tó ya ohunkóhun. Ọmọ Houston yẹn dákẹ́ níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó bi mí pé ta ló gbé omi tí wọ́n fi po amọ̀ náà wá. Ìbéèrè tó dára jù tí mo gbọ́ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ẹ má kánjú kọjá ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ojú ẹsẹ̀ ni, lára òkúta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń bá a mu, ti ọmọdé, ti àgbà, àfi ti àjẹ́. Èmi ti ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́, ó bá mi mu, ẹ̀rí wà. Àbúrò mi ní òun ò ní ṣe. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. A ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún, kì í ṣe gígun òkè. Ẹ yí ara yín sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbá irin ọwọ́ mú níbi tó bá wà, ẹ má sì jẹ́ kí aago mẹ́ta lọ̀sán bá yín lókè. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni kí ẹ jẹ nísàlẹ̀, kí ẹ sì lọ wo oko kòkó, torí kòkó ló ń bọ́ Ìdànrè. Tó bá bọ́ sí àsìkò ìkórè, ẹ ó ti gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i, kíkan, bí ọtí tó ti pẹ́. A bá bàbá àgbẹ̀ kan tó ń fọ́ kòkó. Ọmọ tó ti ń jẹ ṣokoléètì láti kékeré kò rí kòkó rí. Bàbá náà fún un ní hóró bíi mélòó kan kó mu omi ara rẹ̀. Ó lá a, ojú rẹ̀ là, ó fẹ́ tu hóró sínú igbó.

"Má tu owó mi dànù," ni bàbá àgbẹ̀ wí, ó sì na agbọ̀n sí i.