Bí mo ṣe kó ìyá mi kúrò ní Múṣín lọ sí Ìbàdàn

Ọdún 31 ni ìyá mi lò nínú yàrá méjì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Múṣín. Ibẹ̀ ló ti tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dàgbà, ibẹ̀ ni bàbá wa ti papò dà, ibẹ̀ náà ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀ lọ ta èlùbọ́ títí orúnkún fi ní kó sinmi. Nígbà tí onílé kọ̀wé sí gbogbo ayálégbé pé òun fẹ́ wó ilé náà kí òun tún un kọ́, oṣù mẹ́fà ló fún wa. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, àyàfi tí àdéhùn mìíràn bá wà nínú ìwé wọn. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Mo ń kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ní ìyá tàbí bàbá tó ti pẹ́ nínú ilé àyágbé, tí ọjọ́ kíkó sì ń bọ̀.

Ìbàdàn la fẹnu kò sí. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Àkóbọ̀, ìyá mi fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Ohun mẹ́ta ló ní òun fẹ́: ilé ilẹ̀, omi tó wà nítòsí, àti àdúgbò tí àgbàrá kì í yalé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò fi ṣeré rárá. Ọmọ ilé ìwé ni lọ́dún 1980 tí odò Ògùnpa kún tó gbé ilé àti èèyàn lọ. Títí di òní, bí òjò bá ti rọ̀ kọjá wákàtí kan, á dìde lọ wo ojúde. Irú òjò bẹ́ẹ̀ tún rọ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2011, òun ló gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí éjẹ́ǹtì mú wa lọ wo ilé kan tó wù wá, tí oòrùn ń ràn, tí ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán lára ògiri, mo ní kó ṣe sùúrù. Mo dúró di ọjọ́ kejì òjò ńlá kan, mo wá padà lọ láìsọ fún un. Omi ti fa ìlà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó ga tó kókósẹ̀ mi. A fi ilé yẹn sílẹ̀. Èyí tí a padà gbà, obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni mo bi léèrè ọ̀rọ̀ omi. Ó ní, “Kànga yẹn kì í gbẹ tán, ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kejì, ẹ máa tètè jí pọn ọ́n.” Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo ohun tí éjẹ́ǹtì sọ lọ, nítorí kò sí kọmíṣọ̀n tí yóò jẹ lórí rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń lò, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ti kọ orúkọ ẹrù kan, mo máa ń kọ ibi tí yóò wà nínú ilé tuntun sí iwájú rẹ̀. Mo ti fi téèpù wọn àwọn yàrá Àkóbọ̀ àti ẹnu ọ̀nà wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá wa ní kí káfíńtà kàn lọ́dún tí mo wọ ilé ìwé girama kò ní gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé lódidi. Káfíńtà ìsàlẹ̀ ilé tú u fún wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó le níbẹ̀ ni ohun tí kò ní lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tó ṣì ń dùn mí.

Ìyá mi lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ní kí n tètè ṣe díẹ̀ kó tó dé. Àpótí páànù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti dípẹtà, ìdérí rẹ̀ kò pa dé mọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ìwé ìròyìn àtijọ́. Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, mo pè é, mo ta àpótí náà àti fáànù kan tó ti bàjẹ́ fún un ní 2,500 náírà. Inú mi dùn. Ìyá mi dé, ó bẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, ó jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí mo bẹ̀ ẹ́ ló tó ní, “Àpótí tí ìyá mi fi sìn mí lọ sílé ọkọ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo ti wà níbi tí wọ́n ń kó irin jọ sí, mò ń yẹ òkìtì páànù wò pẹ̀lú iná fóònù. Mo rí i. 6,000 náírà ni bàbá tó ni ibẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ná an lówó.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó jáde nílé tí ọwọ́ ìyá mi kò kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ó jókòó, n ó gbé nǹkan mẹ́fà tàbí méje síwájú rẹ̀. Á mú ọ̀kan, á sọ ibi tó ti wá, ẹni tó fún un, ayẹyẹ tó fi ṣe. Mo kọ́kọ́ rò pé báyìí a kò ní parí láéláé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti sọ ìtàn rẹ̀ tán, ó máa ń rọrùn fún un láti fi sílẹ̀. Nínú ìkòkò 23 tó wà nílé ìdáná, méje ló mú. “Èyí, Ìyá Ìbejì ló máa ń yá a, ẹ jẹ́ kó máa lò ó lọ.” Ó fi àgbadà ńlá ta ẹgbẹ́ ọjà rẹ̀ lọ́rẹ. Aṣọ ẹbí ọdún pípẹ́, ó pín wọn fún àwọn tó bá a lọ sí òde náà lọ́jọ́ ọjọ́un. Ká ní èmi nìkan ni mo ṣà wọ́n, n kì bá tí lè gbé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jáde, ǹ bá sì gbé èyí tí kò yẹ.

Ẹrù àgbàlagbà kò parí sínú yàrá. Ìyá mi ń dá àjọ 500 náírà lójoojúmọ́. Ìparí oṣù ni alájọ máa ń kó o fún un, lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan tí í ṣe tirẹ̀. A ní láti fi ọjọ́ kíkó sí ẹ̀yìn ìparí oṣù kí owó náà má bàa há. Àwọn oníbàárà èlùbọ́ mẹ́rin jẹ ẹ́ lówó, méjì san. Kúlà ẹgbẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àga tirẹ̀ méjì wà nílé ẹlòmíràn. A fi ojúewé kan gbáko kọ ẹni tó mú kiní wa àti ẹni tí a mú tirẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, a gba lẹ́tà tí dókítà kọ orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí àti iye tó ń lò, a sì ra oògùn oṣù méjì. Báàgì ọwọ́ mi ni mo kó ìwọ̀nyí sí. Oògùn, ìwé ilé, àwòrán bàbá wa àti owó kì í bá ẹrù wọ mọ́tò.

Ní ti dídi ẹrù, páálí tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń ta oògùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n níwájú, wọn yóò máa kó o pa mọ́ fún yín. Àwo tí a bá tò léra wọn máa ń fọ́, nítorí náà a tò tiwa ní ìdúró bí ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù, a sì fi ìró àti aṣọ ìdálẹ̀ wé wọn dípò ìwé ìròyìn, torí aṣọ náà ń lọ síbì kan náà. Bóòtù àti nọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀dì, inú ọ̀rá ni a dà wọ́n sí, a so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà gan-an. Mo fi fóònù ya àwòrán bí wáyà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ṣe wọlé. Nọ́ńbà nìkan ni mo kọ sára páálí, láti 1 dé 34, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kó lè hàn tí wọ́n bá tò ó léra. Inú ìwé mi ni ohun tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wà. Kò yẹ kí gbogbo àdúgbò mọ páálí tí aṣọ òkè wà.

Aṣọ tó kù, inú báàgì Ghana Must Go la kó o sí. Ìyá mi kì í fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ dárúkọ báàgì yẹn. Ọdún 1983 ni ìjọba orílẹ̀-èdè wa lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, irú báàgì yẹn sì ni wọ́n fi ń kó ẹrù lọ. Olùkọ́ tó kọ́ ìyá mi ní ìṣirò wà lára àwọn tó lọ. Ó ní wọn kò tilẹ̀ rí àyè kí i pé ó dàbọ̀. “Báàgì onílà” ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Fìríìjì, a pa á lọ́jọ́ tó ṣáájú kí yìnyín inú rẹ̀ lè yọ́, a nù ún gbẹ, ìdúró ló sì wà títí a fi dé, kí epo inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ má bàa sun síbi tí kò yẹ. Nígbà tí a dé, a fi í sílẹ̀ di alẹ́ kí a tó tan iná sí i. A fa gbogbo bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀. Sílíńdà gáàsì, a dè é pinpin ní ìdúró sí ẹ̀yìn mọ́tò níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Dẹ́rẹ́bà kọ́kọ́ fẹ́ gbé e sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níwájú, mo kọ̀ jálẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà mẹ́ta ni mo bá dúnàádúrà kí n tó mú ọ̀kan. Mọ́tò Canter ni, 250,000 ló kọ́kọ́ pè, a já a sí 180,000. Ohun tí mo tẹnu mọ́ ju iye owó lọ ni ẹni tí yóò san owó àwọn tó ń kó ẹrù sókè, ẹni tí yóò san ti àwọn tó ń sọ̀ ọ́, àti ẹni tí yóò dá àwọn agbèrò ojú ọ̀nà lóhùn. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èmi àti òun tọwọ́ bọ̀ ọ́. A kò mú Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí alẹ́ Jimọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn Rìdíìmù máa ń ṣe ìsìn ńlá wọn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ á sì kún ojú títì bámúbámú. Sátidé kejì la mú.

Ọjọ́ Jimọ́ ni àbúrò mi ti mú ìyá mi ṣáájú. Ìpinnu tó dára jù tí a ṣe nìyẹn. Kò wo bí wọ́n ṣe ń tú ilé rẹ̀ palẹ̀, ó sì ti wà nínú ilé tuntun láti gba ẹrù rẹ̀. Omi, iyọ̀ àti oyin ló kọ́kọ́ gbé wọlé, ó gbàdúrà yíká yàrá, ó sùn síbẹ̀ lórí ẹní. Àbúrò mi gbé báàgì alẹ́ àkọ́kọ́ dání: gílóòbù méjì, ọ̀bẹ, ṣíbí, kẹ́túlù, ọṣẹ, àpò ẹ̀fọn, òòlù, gààrí àti ṣúgà.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mọ́tò gbéra. Pákó kọ́bọ́ọ̀dù àti fìríìjì ló kọ́kọ́ wọlé, bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ló wọlé kẹ́yìn kó lè jẹ́ òun ni a ó kọ́kọ́ sọ̀. A fi tapólì bò ó. Ojú ọ̀nà dán títí dé Ògèrè, a gba Ìwó Road àti Bàṣọ̀run wọ Àkóbọ̀, kò tíì pé aago mọ́kànlá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jáde pé kí a san owó ìsọ̀rù. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n ní agboolé wọn. Wọ́n gba 10,000, wọ́n sì bá wa kó o dé yàrá. Láti orí àga yẹn ló ti ń sọ fún wọn: “Èyí, ilé ìdáná. Èyí, ẹ rọra o.” Àwo méjì péré ló fọ́.

Ibi tí a ti jìyà díẹ̀ ni mítà iná. Mo ra káàdì 10,000 náírà, ohun tó wọlé kò tó ìdajì, torí ẹni tó gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi gbèsè sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé ìwé àdéhùn tó fi ọjọ́ tí a wọlé hàn lọ bọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ gba nọ́ńbà mítà kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ ra iná kékeré sí i, ẹ wo iye tó wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé mo padà sí Múṣín láti gbálẹ̀, kí n ya àwòrán yàrá méjèèjì, kí n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Ìyá mi ti pè mí lórí fóònù láàárọ̀ pé ọlọ dé ṣùgbọ́n òun kò rí ọmọ ọlọ. Mo yẹ ìwé mi wò: “ọlọ, páálí 19, ilé ìdáná.” Mi ò kọ ọmọ ọlọ sí i. Mo bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tó máa ń gbé e gbẹ sí, ó ti dán ní àárín láti ara ọwọ́ rẹ̀. Mo fi gèlè mi wé e, mo gbé e sínú báàgì, mo sì wọ mọ́tò Ìbàdàn ní Ọ̀jọ́tà.