Dúdú ni niútírà àbí búlúù? Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ iná l'Óṣogbo

Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun bá wọ kíláàsì wa ní Òkè-Fìà, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: "Wáyà wo ni niútírà, èyí tí iná ń gbà padà?" Àwọn kan á ní, "Ọ̀gá, dúdú ni." Àwọn mìíràn á ní búlúù ni. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì fara pamọ́ sí. Olúkúlùkù ti há ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ sórí, kò sí ẹni tó bèèrè ọdún tí wọ́n fa wáyà ilé náà.

Ẹ má ṣe fi àwọ̀ wáyà búra. Ìlànà tí a bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé pupa ni láìfù (èyí tí iná ń gbà wọlé, tí a tún ń pè ní fésì), dúdú ni niútírà, àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó wọ ilẹ̀). Bó bá jẹ́ fésì mẹ́ta, pupa, yẹ́lò àti búlúù. Àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà ní 2004, nígbà tó fi di 2006 ó ti di dandan lọ́dọ̀ wọn. Búráùn wá di láìfù, búlúù di niútírà, àwọ̀ ewé onílà yẹ́lò sì ni ẹ́ẹ̀tì. Fésì mẹ́ta sì di búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú. Ẹ tún un kà. Búlúù tó jẹ́ fésì rí ti di niútírà. Dúdú tó jẹ́ niútírà rí ti di fésì. Ilé tí wọ́n fi pupa àti dúdú ṣe ṣì pọ̀ nílùú yìí, búráùn àti búlúù ni a sì ń rà lọ́jà láti fi fa yàrá tuntun mọ́ wọn. Àwọ̀ méjèèjì á wá pàdé nínú bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo.

Multimeter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, ni kó dá ẹjọ́ náà. Láàárín fésì àti niútírà, ẹ ó rí nǹkan bíi 230 volt. Láàárín fésì sí fésì, nǹkan bíi 400 sí 415. Niútírà sí ẹ́ẹ̀tì, kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí òfo. Ẹ kọ́kọ́ dán multimeter náà wò níbi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ tó wọn èyí tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, kí ẹ sì tún padà dán an wò lẹ́yìn náà. Tẹ́sítà kékeré tó ń tàn níbi orí kò tó. Bí niútírà bá já níbì kan tí súìṣì gílóòbù sì wà ní títàn, tẹ́sítà náà á tàn lórí niútírà, ẹ ó sì pè é ní fésì.

Súìṣì tí wọ́n gbé sórí niútírà ńkọ́? Gílóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun àga láti pààrọ̀ rẹ̀ á bá iná nínú hóódà. Bẹ́ẹ̀ náà ni breaker (súìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù) tó ń já léraléra tí ọmọ iṣẹ́ wá fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò. Wáyà ni breaker ń ṣọ́. Bí agbára rẹ̀ bá ju ti wáyà 2.5 mm² lọ, wáyà ni yóò kọ́kọ́ jó.

Ọ̀rọ̀ mótò iná ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni àdàkọ ti ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Wọ́n á dà á kọ pé wáyà yìí lọ sí 13, èyí lọ sí 14 lára contactor (súìṣì ńlá tó ń gbé iná fún mótò). Bí mo bá yí àwòrán náà po díẹ̀, wọ́n ti sọnù. 13 àti 14 ló ń mú kí mótò máa yí lọ lẹ́yìn tí a bá fi bọ́tìnnì start sílẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó so wọ́n kọjá lórí bọ́tìnnì stop àti start pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí start nìkan ló yẹ kó wà. Mótò á gbéra dáadáa, inú wọn á dùn. Ẹ wá tẹ stop: kò gbọ́. Ìdí tí stop fi jẹ́ èyí tó ń panu dé nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́ ni pé bí wáyà rẹ̀ bá já, kí mótò dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí yìí kò ní so ó lódì.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni fífi 95 àti 96 ti overload (ohun tó ń ṣọ́ mótò, tó ń já bí iná tó ń wọ̀ ọ́ bá pọ̀ jù, tí 95 àti 96 sì fi ń sọ fún contactor kó jábọ́) sílẹ̀ láìso, torí pé "ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà". Wọ́n pè mí síbi ẹ̀rọ ìlọta kan tí mótò rẹ̀ ti jó. Fésì kan ló kúrò. Mótò ń kùn, ó ń gbóná. Overload ti já tipẹ́, ó ti ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí wáyà tí yóò fi sọ fún contactor. Obìnrin tó ni í ni mo bá tó jókòó sórí àpótí, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé àgbàdo wọn lọ síbòmíràn. N kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ ka ara contactor náà: coil (wáyà wíwé tó ń fà á wọlé) 230 tí ẹ bá gbé sáàárín fésì méjì á jó. Ẹ ka ara mótò pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ 230/400 sí lára, star ni tirẹ̀ lórí iná wa, ìyẹn ni pé kí orí kan wáyà wíwé mẹ́ta inú rẹ̀ pàdé lójú kan. Ẹ má gbé e sí delta, níbi tí wọ́n ti so wọ́n yípo. 400/690 ni ẹ lè fi star-delta gbé (kí ó gbéra ní star, kí ó wá bọ́ sí delta), kí ẹ sì ríi pé contactor star àti ti delta ń dí ara wọn lọ́nà, torí bí méjèèjì bá wọlé pọ̀, fésì ti pàdé fésì nìyẹn. Star ń dín iná ìgbéra kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára ìyípo náà dín kù bákan náà. Ẹ̀rọ tó ti kún fún ẹrù lè má gbéra.

Ìlú wa yìí ni ilé tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ tó bá jáde níbí lè ya ohun tó so sórí ìwé. Yóò sì wúlò fún un nígbà tí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń dán àwọn oníṣẹ́ iná wò, bá ń dán an wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Ní kíláàsì, bí ọmọ kan bá ní pátákó òun ti parí, mótò òun sì ń yí, èmi fúnra mi ni mo máa ń tẹ bọ́tìnnì test tó wà lára overload. Bí contactor bá jábọ́, ó yege. Bí kò bá jábọ́, a ó pa iná, a ó tú gbogbo rẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé.