Gbígbé Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ sórí Ẹ́tánọ́ọ̀lù ní Òṣogbo

Ẹni tó bá ní BMW 325i tàbí Mercedes 190E 2.3-16 àwọn ọdún 1980, tó sì fẹ́ máa fi ẹ́tánọ́ọ̀lù wà á, abẹ́ ọkọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ó tó wá ẹni tí yóò tún brain box (kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnnì) ṣe. Ẹ́ńjìnnì fẹ́ràn ẹ́tánọ́ọ̀lù: octane rẹ̀ (agbára epo láti má gbiná ṣáájú àsìkò) ga ju ti bẹntiróòlù lọ, bó sì ṣe ń di oru ló ń mú ooru kúrò lára afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, tí ẹ́ńjìnnì kò fi ní máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹná. Táńkì, páǹpù àti rọ́bà àtijọ́ ni kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ó máa ń mú rọ́bà àtijọ́ wú, á sì là. Ó sì máa ń jẹ àlùmíníọ̀mù àti síǹkì, pàápàá bí omi bá wà nínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo láti táńkì dé ẹ́ńjìnnì sí èyí tó ní Teflon nínú, kí O-ring (òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò) sì jẹ́ Viton, irú rọ́bà tó lè fara da ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ sọ táńkì kalẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, nítorí ẹ́tánọ́ọ̀lù yóò bọ́ gbogbo ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, yóò sì rọ́ ọ lọ sínú fíltà. Nítorí náà, ẹ tọ́jú fíltà kejì sílẹ̀. Ní tèmi, n kò ní fọwọ́ kan Mercedes yẹn, nítorí KE-Jetronic rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi brain box nìkan yí padà. Motronic ti BMW, tí brain box ń darí, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kìlógíráàmù kan bẹntiróòlù ń fẹ́ nǹkan bí 14.7 kìlógíráàmù afẹ́fẹ́. Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù ògidì jẹ́ 9. Ìdí nìyí tí E85 (àdàlù ẹ́tánọ́ọ̀lù tó tó nǹkan bí 85 nínú 100 pẹ̀lú bẹntiróòlù) fi ń gba epo tó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i, tí ẹ ó fi nílò nọ́súlù àti páǹpù tó tóbi jù. Ẹni tí yóò tún un ṣe gbọ́dọ̀ ní wideband, ohun tí ń fi hàn bóyá epo pọ̀ jù tàbí kéré jù sí afẹ́fẹ́, torí bí epo bá kéré nígbà eré, písítìnnì lè yọ́.

Ilé epo wa ní Òṣogbo kì í ta E85, nítorí náà ẹ ó ra ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ́wọ́ oníkẹ́míkà, ẹ ó sì pò ó fúnra yín. Èyí tí ó tó 99 nínú 100 ni kí ẹ béèrè; ògógóró ṣì ní omi nínú, bí wọ́n ti wù kí wọ́n sẹ́ ẹ tó. Bí omi bá pọ̀, òun àti ẹ́tánọ́ọ̀lù á yà kúrò lára bẹntiróòlù, wọ́n á sì wálẹ̀ síbi tí páǹpù ti ń fà. Ẹ po díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìlà bá hàn láàárín, ẹ má lò ó. Ìta gbangba ni kí ẹ ti pò ó, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, nítorí ọwọ́ iná rẹ̀ ṣòro láti rí lọ́sàn-án. Ní ìgbà òjò, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ nínú táńkì.

Kí ẹ tó sáré, ẹ da 50 mílílítà omi àti 50 mílílítà epo yín sínú ọ̀pá ìwọ̀n onígíláàsì, kí ẹ mì í, kí ẹ dúró. Bí omi ìsàlẹ̀ bá di 92, nǹkan bí ìdá 84 nínú 100 epo náà ni ẹ́tánọ́ọ̀lù. Bó bá kéré sí iye tí wọ́n fi tún ọkọ̀ ṣe, ẹ má tẹná tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.