Ìrírí Mi Nínú Glacier Express, Láti Zermatt Dé St. Moritz

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni ó fi ètò ìsinmi rẹ̀ lé lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tí ó sì béèrè fún ni pé kí òun rí òkè tí yìnyín bò láìjẹ́ pé òun ń fi ẹsẹ̀ gùn ún. Mo yan Glacier Express ti ilẹ̀ Swítsàlandì, ọkọ̀ ojú irin tí ó kọ́kọ́ gbéra ní oṣù kẹfà ọdún 1930, tí ó sì ń rìn láàárín Zermatt àti St. Moritz. Ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 291, ó ní afárá 291 àti ihò abẹ́ òkè 91, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ni ọkọ̀ sì fi ń rìn ín. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí yóò tètè gbé e dé ibì kan kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀, nítorí pé inú ọkọ̀ náà gan-an ni ìsinmi wà.

Ọ̀rọ̀ físà ni mo kọ́kọ́ yanjú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì nílò físà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ti Ìbàdàn bọ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyíinì ni físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi àdéhùn gbà láti máa lò pọ̀, nítorí pé Swítsàlandì wà nínú àdéhùn náà bí kò tilẹ̀ sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé ẹni, ó kéré tán ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó gbéra. Wọ́n tún ń béèrè ìwé adójútòfò tí ó lè san owó ìtọ́jú tí kò dín ní 30,000 yúrò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gba ilé ìtura tí ó gbà kí a fagi lé ètò láìgba owó, títí físà yóò fi dé ọwọ́ yín.

Nípa owó ọkọ̀, ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, owó ìjókòó wà lọ́tọ̀, ìjókòó sì di dandan láti gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ra Swiss Travel Pass, ìwé kan ṣoṣo tí a fi ń wọ ọkọ̀ káàkiri Swítsàlandì, ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ yóò ṣì san ti ìjókòó. Excellence Class ni mo gbà fún wa, yàrá olówó iyebíye tí wọ́n fi kún ọkọ̀ náà ní ọdún 2019. Ìjókòó ogún péré ni ó wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì wà lẹ́bàá fèrèsé. Tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìíní ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ ní, kí ó tó wá san àfikún lé e, àfikún náà kò sì kéré rárá. Ẹ má yan àkókò láti àárín oṣù kẹwàá títí wọ inú oṣù Kejìlá, nítorí pé ọkọ̀ náà kì í rìn nígbà náà. Oṣù kẹfà ni a lọ, nígbà tí koríko ti hù ní àfonífojì tí yìnyín sì ṣì wà lórí òkè.

A sùn ní Zermatt lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, ọkọ̀ elépo kò sì wọ ibẹ̀, bí kò ṣe àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń lo iná mànàmáná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ojú ọ̀run mọ́ kedere, òkè Matterhorn tí ó ga ní mítà 4,478 sì dúró gbangba níwájú wa kí a tó wọ ọkọ̀.

Láti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Visp ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi han ẹ̀gbọ́n mi ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìrìn náà, èyíinì ni ọgbọ́n tí wọ́n fi gun òkè. Ojú irin náà tín-ín-rín, mílímítà 1,000 péré ni ìbú rẹ̀. Kódà ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 fẹ̀ jù ú lọ, nítorí mílímítà 1,067 ni tiwa. Níbi tí òkè bá ti le, wọ́n tẹ́ irin eléyín sí àárín irin méjèèjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀. Kẹ̀kẹ́ eléyín kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí eyín rẹ̀ ń wọnú eyín irin náà, bí ó sì ti ń yí ni ó ń fa ọkọ̀ gòkè, tí kò sì jẹ́ kí ó yọ̀ padà nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Roman Abt, ẹnjiníà ọmọ Swítsàlandì, ni ó ṣe ètò rẹ̀: abala eléyín méjì ni ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, tí eyín ọ̀kan kọjú sí àlàfo èkejì, kí eyín kan má baà tú sílẹ̀ kí òmíràn tó dì í mú.

Lẹ́yìn Brig, ọkọ̀ gba àfonífojì Goms dé Oberwald, ó sì wọ ihò Furka, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 15. Kí wọ́n tó ṣí ihò yìí ní ọdún 1982, orí òkè ni ojú irin gbà, yìnyín a sì sé e pa ní ìgbà òtútù. Ihò náà ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ lè máa rìn ní àkókò òtútù.

Ní Andermatt ni òkè tí ó le tún bẹ̀rẹ̀. Nínú mítà 1,000 tí ọkọ̀ bá rìn, ó lè gòkè ní mítà 110, ìlú náà sì ń kéré sí i lábẹ́ wa bí a ti ń yí lọ yí bọ̀ lára òkè. Oberalp, ní mítà 2,033, ni ibi tí ó ga jù lọ ní gbogbo ọ̀nà náà, yìnyín sì ṣì wà lẹ́bàá ojú irin. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé oúnjẹ wá díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì; èyí tí ó wù wá jù ni ẹran màlúù gbígbẹ tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹun lórí ìdúró nínú wọ́ọ̀dù, jẹun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, inú mi sì dùn gidigidi láti rí i bẹ́ẹ̀.

Ní Disentis, wọ́n tú ẹ̀rọ eléyín tí ó ń fa ọkọ̀ kúrò, wọ́n sì so òmíràn mọ́ ọn, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ kò sí irin eléyín mọ́. Ọkọ̀ wá wọ Ruinaulta, níbi tí odò Rhine ti la àwókù òkè ńlá kan tí ó ya lulẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn kọjá, tí ògiri òkúta funfun sì dúró lọ́tùn-ún lósì. Ní Chur, tí ó jẹ́ mítà 585 péré, ọkọ̀ yí ìdí padà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó kọjú síwájú tẹ́lẹ̀ yóò máa fi ẹ̀yìn lọ. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń yan ìjókòó.

Apá tí ó kẹ́yìn yìí, ọ̀nà Albula, ni mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2008. Níbi tí àwọn ti apá ìwọ̀-oòrùn ti fi eyín di òkè mú, àwọn tí ó la ọ̀nà yìí pinnu pé ọkọ̀ yóò gòkè láìlo eyín, nítorí náà wọn kò jẹ́ kí ó ju mítà 35 lọ nínú 1,000. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ gùn. Láàárín abúlé Bergün àti Preda, níbi tí Preda ti fi ohun tí ó lé díẹ̀ ní mítà 400 ga ju Bergün lọ, wọ́n lọ́ ojú irin kákiri nínú ihò abẹ́ òkè títí ó fi gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12, tí ènìyàn fi ń wo ojú irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá nísàlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ṣáájú ibẹ̀ ni afárá Landwasser wà, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1901 sí 1902, ó ga ní mítà 65, ó gùn ní mítà 136, ó sì tẹ̀ kọdọrọ kí ó tó kó ọkọ̀ wọ inú ihò òkúta lójú ẹsẹ̀. Apá ọ̀tún ni ẹ ti máa rí i dáadáa bí ẹ bá ń ti Chur bọ̀. Fèrèsé ọkọ̀ náà kò ṣí, gíláàsì rẹ̀ sì máa ń dán wọnú àwòrán, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé, “Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kí o fi ojú ara rẹ wò ó.” Mo gbọ́ràn.

Lọ́jọ́ kejì, láti St. Moritz, a wọ ọkọ̀ ojú irin pupa tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ padà sí Filisur, a sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí a ti ń wo afárá náà láti ìsàlẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí ń rìn ní gbogbo ọ̀nà láti Zermatt dé St. Moritz, lórí irin kan náà. Kò sí owó ìjókòó, fèrèsé àwọn kan nínú wọn sì ń ṣí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ti Excellence Class lè máa pààrọ̀ ọkọ̀ ní Visp, Andermatt, Disentis àti Chur, kí ó gbé oúnjẹ rẹ̀ dání, gbogbo òkè, afárá àti ihò tí mo kà sílẹ̀ yìí ni yóò sì rí.